Fèrèsé Oníyọ̀

Kí ẹ̀rọ kékeré náà tó wọ Minna, ọ̀dọ̀ Ẹ̀bùnọlá Àlàbí ni wọ́n ń gbé òróró lọ bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ́ tàbí ó ní àbùlà. Àlàbí ni orúkọ ọkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi àmì han ọkọ̀ ojú irin. Bàbá tó bí Ẹ̀bùnọlá náà ti ṣe gáàdì lórí ọkọ̀ ojú irin kí ó tó fẹ̀yìn tì. Inú kọ́tàsì rélùwéè ni wọ́n bí i sí, àárín àwọn ọmọ tó ń sọ Hausa láti àárọ̀ dé alẹ́ ló sì ti dàgbà, débi pé ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń bínú nìkan ni Yorùbá ń dún dáadáa nínú ilé wọn.

Ní ọdún 1956, ilé iṣẹ́ kan tó ń ra òrí àti ẹ̀pà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ gbà á sí ilé àyẹ̀wò wọn lẹ́bàá ojú irin. Wọn a kó òrí wá láti Bídà, láti Kúta, àti láti àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn odò Chanchaga. Ẹ̀bùnọlá a yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, a pò ó mọ́ ọtí líle, a sì máa kán oògùn sí i láti inú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan tí kọ́ọ̀kì tí à ń yí bí ti ẹ̀rọ omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kán kan, ẹ̀kán mìíràn, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Ibẹ̀ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le á kán an kọjá, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Ọwọ́ Ẹ̀bùnọlá kì í kọjá. Àwọn oníṣòwò tó ń jókòó níta lábẹ́ igi máńgòrò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń pè é ní Malama, ìyẹn olùkọ́ obìnrin ní Hausa. Bí ó bá jáde tó ní òrí ti kan, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Ó fẹ́ràn pé wọn kì í bá òun jiyàn.

Nígbà tó di ọdún 1960, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá, Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kàwé nípa oògùn àti kẹ́míkà. Ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹnì kan, kí Ẹ̀bùnọlá wá ọmọbìnrin tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀bùnọlá ronú kan Bàlíkísù, ọmọ Alfa Àbdùlbáàkí. Ará Ìlọrin ni Alfa, ó ní ilé kéwú ní àdúgbò Soje. Ọmọ rẹ̀ ti parí ìwé mẹ́wàá, ó sì jókòó sílé tó ń rán fìlà.

Alfa kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun kò rí ibi tí ọmọbìnrin mùsùlùmí ti ń jókòó ti ìgò àti iná láàárín ọkùnrin. Ẹ̀bùnọlá padà lọ, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní rẹ̀ pẹ̀lú gèlè tó bo orí rẹ̀ dé iwájú, ó ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ òun ni ọmọ náà yóò máa jókòó, òun ni yóò máa mú un lọ tí òun á sì máa mú un bọ̀. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, Alfa wá ní, “Tóò. Mo fi í lé ọ lọ́wọ́. Bí ojú bá tì í, èmi ni ojú tì.”

Báyìí ni Bàlíkísù ṣe di ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀bùnọlá kọ́ ọ bí a ti ń fọ gíláàsì tí omi kò fi ní dúró lára rẹ̀, bí a ti ń wọn nǹkan, bí a ti ń fi ìka méjì pére mú kọ́ọ̀kì. Ọmọ náà yára gbọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní Àǹtí Ẹ̀bùn pẹ̀lú ohùn kan báyìí tó máa ń mú inú Ẹ̀bùnọlá dùn. Nígbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá yin Bàlíkísù, Ẹ̀bùnọlá a gbà á bí ẹni pé òun ni wọ́n ń yìn.

Ọ̀rọ̀ yí padà ní ọdún 1962. Ẹ̀bùnọlá bí ọmọbìnrin kan, Ọmọ́bọ́láńlé, ó sì gba ìsinmi. Ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó rí i pé àga Bàlíkísù ṣófo. Akọ̀wé ló sọ fún un pé ẹ̀rọ kan ń bọ̀ láti òkè òkun, wọ́n sì ti rán Bàlíkísù lọ sí Kàdúná láti kọ́ bí a ti ń lò ó. Yóò pẹ́ tó oṣù mẹ́ta.

Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo nínú yàrá rẹ̀. Ọkùnrin náà dìde fún un, ó kí i kú ewu ọmọ, ó sì ṣàlàyé pé ìwé kánjúkánjú ni wọ́n kọ sí òun, ọmọ sì wà lọ́mú fún un. Òun kò rò pé ó tọ́ kí òun gbé abiyamọ kúrò nílé ọkọ rẹ̀ fún irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bùnọlá ní, “Ẹ kò bi mí léèrè, sà.”

“Ìyáàfin Àlàbí, ire yín ni mo rò.”

“Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ kò bi mí.”

Ó padà sídìí iṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ kán oògùn kọjá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́. Ó da ohun tó wà nínú ìgò nù kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Nígbà tó délé tó rò ó fún ọkọ rẹ̀, Àlàbí gbọ́ ọ parí, ó wá ní, ó dáa kúkú, ṣé ọmọ tí Ẹ̀bùnọlá fúnra rẹ̀ kọ́ náà ni, kì í ṣe àjèjì. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni ó sọ, ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn Ẹ̀bùnọlá gan-an ni ó tẹ̀. Bó bá jẹ́ àjèjì ni, ìbá fara mọ́ ọn. Òun ló kúnlẹ̀ lórí ẹní Alfa nítorí ọmọ yìí.

Ẹ̀rọ náà bá ọkọ̀ ẹrù dé lẹ́yìn tí Bàlíkísù ti padà. Àwọn òyìnbó ti ní irú rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n tàtijọ́ tóbi débi pé yàrá kan ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún un. Èyí tó wá sí Minna kò ju àpótí aṣọ ìyàwó lọ. Ọkùnrin méjì gbé e wọlé, wọ́n sì gbé e lé orí tábìlì tó wà ní ìdí fèrèsé, níbi tí Ẹ̀bùnọlá ti máa ń jókòó. Wọ́n ní ibẹ̀ ni iná mànàmáná ti súnmọ́. Wọ́n kó àwọn ọ̀pá gíláàsì rẹ̀ lọ sí igun kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́.

Orúkọ ẹ̀rọ náà gùn, àwọn òṣìṣẹ́ sì gé e kúrú sí Ínfùrà. Bàlíkísù ló ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo wọn ní Hausa, kí àwọn tó ń gbé ẹrù níta lè gbọ́. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí, ìbátan ooru tí à ń mọ̀ lára nígbà tí a bá súnmọ́ ẹyinná. Ẹ̀rọ yìí a ta ìmọ́lẹ̀ náà gba inú òróró kọjá. Gbogbo ohun tó bá wà nínú òróró, oníkálukú a mu ìwọ̀n tirẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, a sì jẹ́ kí ìyókù kọjá. Bíbà kan tí yíǹkì wà lẹ́nu rẹ̀ a máa tẹ̀lé e, a máa fa ilà sórí ìwé, òkè àti àfonífojì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á mọ ohun tó wà nínú òróró láti ara àfonífojì wọ̀nyẹn.

Gíláàsì kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yìí kọjá. Nítorí náà iyọ̀ ni wọ́n fi ṣe fèrèsé rẹ̀, iyọ̀ gidi, irú èyí tí à ń jẹ, àmọ́ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ tí wọ́n sì dán títí ó fi mọ́ gaara. Àárín pẹlẹbẹ iyọ̀ méjì ni wọ́n ń kán òróró sí. Ohun kan ṣoṣo ni iyọ̀ yìí ń bẹ̀rù, omi ni. Ọwọ́ tútù, òógùn, afẹ́fẹ́ òjò, títí kan èémí ẹnu, gbogbo rẹ̀ ló lè sọ ọ́ di bàìbàì. Bàlíkísù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Inú ìṣà gíláàsì tó ní ìdérí ni ó ń kó wọn sí, lórí àwọn hóró kan tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Bí hóró náà bá gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ a dà bí aró; bí ó bá ti mu omi yó, a pọ́n rẹ́súrẹ́sú, a sì gbọ́dọ̀ gbé e sínú ààrò iná kí ó tún gbẹ.

Ẹ̀bùnọlá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti igun rẹ̀. Ó dúró de ọjọ́ tí Bàlíkísù yóò pè é wá sídìí ẹ̀rọ, kí ó fi í hàn án bí òun náà ṣe fi kọ́ọ̀kì hàn án. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Bàlíkísù a kí i ní òwúrọ̀, a kúnlẹ̀, a béèrè ọmọ, a sì lọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sí igun tí Ẹ̀bùnọlá wà. Bí Ẹ̀bùnọlá bá súnmọ́, ó dà bí ẹni pé ọmọ náà máa ń yára ka ìwé náà pọ̀.

Owú tí obìnrin ń jẹ nítorí ọkọ, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ bí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Èyí tó wọ inú Ẹ̀bùnọlá kò ní ẹbí tó lè bá a dá sí i. Kò lè lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ̀rọ ni orogún òun. Ó kàn ń ṣàkíyèsí ni. Ó ṣàkíyèsí pé Bàlíkísù ra bàtà tuntun. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀gá ń bá a sọ̀rọ̀ láìjókòó sórí àga, ó ń fẹ̀yìn ti tábìlì bí ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣòwò abẹ́ igi máńgòrò kò bi òun léèrè mọ́, wọn a nàgà wo ojú fèrèsé, wọn a ní, “Ina Malama?” pé Malama dà. Bí òun bá sì dáhùn, wọn a rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn a ní èyí kékeré ni àwọn ń wá.

Ní ọjọ́ kan, ayàwòrán kan wá láti ibi ìwé ìròyìn. Wọ́n to ara wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo, Bàlíkísù, àti Ẹ̀bùnọlá lẹ́yìn wọn. Ayàwòrán wo inú kámẹ́rà rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣe báyìí, ó ní kí ìyá tó wà lẹ́yìn jọ̀wọ́ súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ó ń dí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀bùnọlá súnmọ́ ẹ̀gbẹ́. Ó tún ní kí ó súnmọ́ sí i. Nígbà tí àwòrán jáde, igun ìró rẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ òróró Yàkúbù ṣẹlẹ̀. Oníṣòwò ńlá ni Yàkúbù, ó kó àwọn àgbá òróró ẹ̀pà wá, àwọn kan sì ti ń sọ ní ọjà pé òróró rẹ̀ ń rùn bí ọkọ̀. Ọ̀gá ní kí àwọn méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò, oníkálukú ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀bùnọlá mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: ó máa se òróró náà pẹ̀lú oògùn tó ń sọ ọ́ di ọṣẹ, ohun tí kò bá di ọṣẹ ni àbùlà. Iṣẹ́ tó ń pẹ́ ni. Ó ṣì ń dúró ti omi tó ń hó nígbà tó gbọ́ tí bíbà ẹ̀rọ náà ń họ ìwé. Bàlíkísù fa ìwé náà yọ, ó gbé e lọ fún ọ̀gá. Níbi tó yẹ kí àfonífojì jíjìn kan wà, èyí tó jẹ́ ti òróró jíjẹ, kò jìn dé ìdajì. Òróró ọkọ̀ ni wọ́n fi bù ú là. Ọlọ́pàá ti ń kó àwọn àgbá náà nílẹ̀ kí ọṣẹ Ẹ̀bùnọlá tó dì.

Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ dé òpin ní ọjọ́ kejì. Ohun tí ẹ̀rọ sọ náà ni tirẹ̀ sọ. Ọ̀gá yìn ín, ó ní ó dára kí èèyàn ní ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ̀bùnọlá dúpẹ́. Lọ́nà ilé, ó rò ó pé èdè tí wọ́n fi ń lé ènìyàn lọ jẹ́jẹ́ nìyẹn.

Àárín òjò ni wọ́n ránṣẹ́ sí Bàlíkísù láti Ìlọrin pé ìyá bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ní láti bá àwọn ará ilé lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó tó lọ, ó wá sí igun Ẹ̀bùnọlá, ó kúnlẹ̀.

“Àǹtí Ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìṣà iyọ̀. Bí hóró inú rẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ bá mi gbé e sínú ààrò. Ohun gbogbo tí ẹ máa ṣe sí i kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ẹ̀bùnọlá ní kò burú, kí Ọlọ́run tu wọ́n nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn dúró sí i lọ́kàn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ti ń sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ pé kó máa bu omi sí ìkòkò.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láìdá. Ní ọjọ́ kejì, hóró ti bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Ẹ̀bùnọlá rí i. Ó ní òun á gbé e tó bá di ọ̀sán. Ní ọ̀sán, ó ní ó di ọ̀la. Kò sọ fún ara rẹ̀ rárá pé òun kò ní gbé e. Ó kàn ń sún un síwájú ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, kò sí hóró kan tó ṣì ní àwọ̀ aró.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọ̀gá ti lọ sí ibùdó ọkọ̀, akọ̀wé ti lọ jẹun. Ẹ̀bùnọlá ṣí ìdérí ìṣà. Ó fi ìka mú pẹlẹbẹ iyọ̀ kan ní etí, bí ó ti rí Bàlíkísù tó ń mú un. Ó gbé e sójú, ó wo igi máńgòrò gba inú rẹ̀. Ó mọ́ débi pé ó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Ó rẹwà, ìyẹn ló sì bí i nínú jù. Ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó mí hàà sí i.

Ìkùukùu funfun kan bo ojú iyọ̀ náà, ó sì ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀ láti etí wá sí àárín. Ṣùgbọ́n kò ṣí tán. Ó mí sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pẹ́ lórí èyí. Ó mú ìkejì. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí ara ẹni tó ti bọ́ bàtà tó ń dùn ún. Ó kó wọn padà, ó pa ìṣà dé, ó sì lọ fọ àwọn ìgò rẹ̀.

Bàlíkísù dé, ó gbé ìṣà sílẹ̀. Ó kán òróró, ó tan ẹ̀rọ. Ilà tó jáde wọ́ nílẹ̀ bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Kò sí òkè, kò sí àfonífojì gidi. Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo wá wò ó. Ọkùnrin náà kì í pariwo, àmọ́ ọjọ́ náà ó sọ̀rọ̀ líle. Ó ní ẹ̀rọ tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń yangàn ni wọ́n fi ìwà àìbìkítà bà jẹ́. Ó ní ẹni tí wọ́n gbé nǹkan fún ni yóò dáhùn fún un, àti pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Kàdúná, òun kò ní bẹ̀ wọ́n. Ó bi Bàlíkísù pé ta ni ó fi iyọ̀ ṣọ́.

Ẹ̀bùnọlá dúró ní igun rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnugò lọ́wọ́.

Bàlíkísù ní, “Èmi ni mo ni í, sà. Ó yẹ kí n ti kó o pamọ́ dáadáa kí n tó lọ.”

Kò wo ẹ̀yìn. Nígbà tí ọ̀gá jáde, ó jókòó, ó ń wo ìwé tó bàjẹ́ náà. Ẹni tó bá rò pé àánú ló ṣe Ẹ̀bùnọlá ní àkókò yẹn kò mọ owú. Owú ló tún bọ̀, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ yìí ní ẹ̀rọ, ó ní bàtà, ó ní ọ̀gá, ó tún wá ní sùúrù pẹ̀lú. Kí ló kù tí kò ní?

Lọ́jọ́ kejì, Bàlíkísù tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ kan sórí gíláàsì pẹrẹsẹ, ó wọ́n ọtí líle àti ìyẹ̀fun pupa kan sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán iyọ̀ náà, ní ìbìrípo, jẹ́jẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó pe Ẹ̀bùnọlá. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó gbé èyí tí kò tíì dán sókè, ó ní, “Àǹtí, ẹ wò ó. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ òjò ló bà á jẹ́, gbogbo ojú rẹ̀ ni ìbá ti jẹ bákan náà. Àárín nìkan ló jẹ. Ẹnu ènìyàn ló rí bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀bùnọlá gbé ojú kúrò lára iyọ̀ náà.

Bàlíkísù ní, “Mo mọ̀ láti àná. Mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá, ó ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n èmi náà kò mọ́. Ó yẹ kí n ti fi ẹ̀rọ yìí hàn yín láti ọjọ́ tó ti dé. Ọ̀gá ní kí n fi í hàn yín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ni.”

“Kí ni mo ṣe fún ọ?”

“Ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ń wo ọwọ́ yín ni. Mo ní bí ẹ bá tún wá mọ èyí kún gbogbo èyí tí ẹ ti mọ̀, kí ni wọn óò tún fi mí ṣe? Wọn á dá mi padà sídìí fìlà.”

Ẹ̀bùnọlá jókòó. Ó sọ lẹ́yìn náà fún ọkọ rẹ̀ pé ohun tó wá sí òun lọ́kàn kò dára, pé inú òun kọ́kọ́ dùn: ẹnì kan ń jowú òun. Lẹ́yìn náà ni ojú tó tì í, ó sì tì í gan-an, nítorí ó rántí ohùn Alfa. Ó na ọwọ́, ó ní kí Bàlíkísù fún òun ní iyọ̀ kejì. Wọ́n jọ dán an títí ọ̀sán fi pọ́n, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ àyàfi pé Bàlíkísù ní kí ó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ó tó lọ sílé ní ọjọ́ náà, ó kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo, ó sì sọ fún un ohun tí òun ṣe. Kò fi ọmọ ṣe àwáwí, kò sì dárúkọ ohun tí Bàlíkísù sọ. Ọkùnrin náà ní òun ìbá lé e lọ bí kì í bá ṣe iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn. Wọ́n gbé e lọ sí àká ẹ̀pà ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, kí ó máa ṣa ẹ̀pà tó bu kúrò. Ibẹ̀ ni ó wà títí ọyẹ́ fi dé tó sì tún lọ, eruku ń bò ó lójú, àwọn tó ń pè é ní Malama ń kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n.

Owú rẹ̀ kò kú níbẹ̀. Láti àká, ó lè rí fèrèsé ilé àyẹ̀wò àti orí Bàlíkísù tó tẹ̀ lórí iṣẹ́, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé ó máa ń yí àga rẹ̀ padà kí ojú rẹ̀ lè kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàlíkísù a máa gba àká kọjá bí ó bá ń lọ sílé, a dúró, a fi ìwé ilà kan hàn án, a ní kí ó wá sọ èyí tó jẹ́ òrí àti èyí tó jẹ́ òróró ẹ̀pà. Nígbà mìíràn Ẹ̀bùnọlá a dáhùn. Nígbà mìíràn a ní ó ti rẹ òun.

Ní ọdún 1964, Àbdùlwàhídù, olùkọ́ kan láti Zaria, wá fẹ́ Bàlíkísù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Bàlíkísù bá ọkọ rẹ̀ lọ, ọ̀gá bi í léèrè ẹni tó yẹ kí ó kọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó ní Àǹtí Ẹ̀bùn ni.

Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo ní, “Ẹni tó mí sí iyọ̀?”

“Òun náà ni, sà. Ó mọ ohun tí èémí ń ṣe sí i ju gbogbo wa lọ.”

Ọ̀gá fẹ́ bínú, ó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé Ẹ̀bùnọlá padà wọlé.

Ó lo Ínfùrà fún ọdún púpọ̀. Ó mọ̀ ọ́n lò dáadáa, kì í ṣe ju Bàlíkísù lọ, kò sì dín. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ràhímátù wá fún un, ó rò ó fún ọjọ́ mélòó kan bóyá kí òun fi ẹ̀rọ hàn án tàbí kí òun fi í sí ibi ìgò. Ó fi ẹ̀rọ hàn án. Kò rọrùn fún un, inú rẹ̀ kò sì dùn ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ní ọdún 1967, Bàlíkísù ránṣẹ́ pé òun yóò gba Minna kọjá lọ sí Ìlọrin. Ẹ̀bùnọlá mú Ọmọ́bọ́láńlé lọ́wọ́, ó lọ dúró ní ibùdó ọkọ̀. Ọkọ̀ dúró pẹ́ díẹ̀ kí ó lè gba omi. Bàlíkísù sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn, ó ti sanra sí i, wọ́n sì dì mọ́ ara wọn. Ó ń rò fún un pé wọ́n ti gba òun síṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Zaria, pé ẹ̀rọ tí òun ń lò níbẹ̀ jẹ́ tuntun, ó yára ju ti Minna lọ, ó sì ń fi hàn kedere àwọn àfonífojì tí ti Minna kì í rí rárá.

Ẹ̀bùnọlá mọ̀ ọ́n lára bí ó ti gun òun láyà, kíá, bí ẹ̀gún.

Ó ní, “Bàlíkísù, mo tún ń jowú rẹ.”

“Mo rí i lójú yín, Àǹtí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó pọ̀ díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ẹ̀yìn Bàlíkísù fi jí. Fèrè ọkọ̀ dún. Bàlíkísù gun ọkọ̀ padà, ó sì ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi yí lọ. Ọmọ́bọ́láńlé ní ebi ń pa òun. Ìyá rẹ̀ ra kúlíkúlí fún un lọ́wọ́ obìnrin kan tó jókòó sẹ́bàá ojú irin, wọ́n sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n.